Ọwọ́ Wo Ni Ọmọ Fi Ń Júwe Ilé Baba Ńlá Rẹ̀?

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìtumọ̀ òwe yìí kò fara sin: ilé tí ó bí ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi àbùkù kàn lójú àlejò. Ṣùgbọ́n òwe náà fi ìbéèrè kan sílẹ̀ tí kò dáhùn. Bí ọmọ bá tọpa baba ńlá rẹ̀ títí ó fi dé ìdí àkọsílẹ̀, tí àkọsílẹ̀ náà sì sọ ohun tí ẹnu ẹbí kò sọ rí, ọwọ́ wo ni yóò fi júwe ilé náà? Ṣé kí ó pa ìwé dé nítorí ọ̀wọ̀ ni, àbí kí ó kà á sókè nítorí òtítọ́?

Ìbéèrè yìí ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn fínra ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ti di àṣà níbẹ̀ pé kí ènìyàn máa wá baba ńlá tí ó gbé ayé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ dó sí etí òkun ìlà-oòrùn, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn oko wọn sì jẹ́ igbó tí wọn kò mọ òpin rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí náà fẹ́ràn láti pe irú baba ńlá bẹ́ẹ̀ ní aṣáájú, akọni tí ó fi àáké la ọ̀nà. Ohun tí wọ́n máa ń bá nínú ìwé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Wọn a bá gbèsè, wọn a bá ìjà ààlà ilẹ̀, wọn a bá ẹni tí a nà ní pàṣán, wọn a sì bá ẹni tí ó mú ẹlòmíràn lẹ́rú.

Oríṣi àkọsílẹ̀ méjì ni ó ń darí irú ìwádìí yìí: ti ìdílé àti ti ilé-ẹjọ́. Àkọsílẹ̀ ìdílé ni Bíbélì tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ikú sí ojú-ewé òfìfo inú rẹ̀. Òun náà ni lẹ́tà tí a tọ́jú sínú àpótí, àti ìtàn tí ìyá àgbà sọ fún ọmọ-ọmọ. Ìfẹ́ ni ó kọ ọ́, ohun tí ìfẹ́ kò bá sì lè yìn, ó máa ń fò ó. Àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ní Virginia ayé àtijọ́, ilé-ẹjọ́ àdúgbò kì í ṣe ibi ìdájọ́ nìkan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi orúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ti ń pín ogún, tí wọ́n ti ń yan alágbàtọ́ fún ọmọ òrukàn, tí wọ́n sì ti ń ka orí àwọn tí yóò san owó-orí. Ìwé ilé-ẹjọ́ Northampton, ní apá ìlà-oòrùn Virginia, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1632, òun sì ni ó pẹ́ jù lọ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí kò já ní gbogbo Amẹ́ríkà. Akọ̀wé rẹ̀ kò kọ̀wé nítorí ìfẹ́. Kò ṣí ìwé rẹ̀ àfi bí ohun kan bá wà láti gbà, láti pín, tàbí láti fi ìyà jẹ ẹnìkan lé lórí.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti ìdílé nìkan yóò ní àwọn baba ńlá tí kò ṣẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ ti ilé-ẹjọ́ nìkan yóò ní àwọn baba ńlá tí kò rẹ́rìn-ín rí. Nígbà míràn, àwọn méjèèjì a máa pàdé. Lẹ́yìn ogun òmìnira Amẹ́ríkà, nígbà tí ìjọba ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn opó jagunjagun, àwọn opó kan fa ojú-ewé Bíbélì ìdílé wọn ya, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìyàwó òkú ni àwọn ní tòótọ́. Ohun tí ìfẹ́ kọ di ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ìdílé dákẹ́ sí gan-an ni ilé-ẹjọ́ ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1640 fi èyí hàn. Àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ mẹ́ta ni ó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, Hugh Gwyn, lọ sí Maryland, tí ọwọ́ sì tẹ̀ wọ́n. Victor jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Holland, James Gregory jẹ́ ọmọ Scotland, ẹnì kẹta sì jẹ́ adúláwọ̀ tí ń jẹ́ John Punch. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ-ọ̀dọ̀ ìgbà náà fara jọ ti ìwọ̀fà: a dá iye ọdún tí wọn yóò sìn, bí ó bá sì pé, wọn a gba ara wọn. Ìgbìmọ̀ gómìnà Virginia ní kí wọ́n na ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n pàṣán. Títí dé ibẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìyà kan náà. Lẹ́yìn náà ni ìdájọ́ pín sí méjì. Àwọn aláwọ̀ funfun méjèèjì yóò fi ọdún kan kún ìsìn wọn lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọn yóò sì sin ìjọba fún ọdún mẹ́ta. Ní ti John Punch, yóò máa sin ọ̀gá rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ni ó ka ìdájọ́ yìí sí ọ̀kan nínú àwọn ìpìlẹ̀ tí a mọ ilé ẹrú Virginia lé lórí. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí ó ti ẹnu Punch fúnra rẹ̀ jáde.

Ní oṣù Keje ọdún 2012, àwọn olùtọpa ìran ní ilé-iṣẹ́ Ancestry.com kéde pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí John Punch yìí jẹ́ baba ńlá Barack Obama, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni ọ̀nà tí ìran náà gbà wá. Ó ti hàn sí gbogbo ayé pé ọmọ Kenya ni baba Obama. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun tí a bí ní Kansas, ni okùn yìí ti fà dé ọ̀dọ̀ Punch. Àwọn olùwádìí náà tọpa ìdílé ìyá náà sẹ́yìn nínú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ilẹ̀, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ìdílé kan tí ń jẹ́ Bunch ní Virginia ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Akọ̀wé ìgbà náà ń kọ orúkọ bí etí rẹ̀ bá ṣe gbọ́ ọ ni, Punch kò sì jìnnà sí Bunch létí. Àyẹ̀wò DNA tí a ṣe fún àwọn ọkùnrin tí ó ti inú ìdílé Bunch jáde sì fi hàn pé ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ó wà ní orísun ìlà baba wọn.

Síbẹ̀, kò sí ìwé kan tí ó kọ ọ́ ní tààrà pé Punch ni ó bí Bunch. Ní ọdún 1787, iná tí àwọn ènìyàn kan mọ̀ọ́mọ̀ dá jó ilé àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ New Kent, àdúgbò tí àwọn Bunch ní ilẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1865, bí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti ń lọ sópin, iná jó Richmond. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé ilé-ẹjọ́ gíga àtijọ́, àti ti àwọn àdúgbò tí wọ́n ti kó ìwé wọn lọ síbẹ̀ fún ààbò, sì di eérú. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí fi sọ pé ẹ̀rí àwọn lágbára ṣùgbọ́n kò pé pérépéré. Ìjẹ́wọ́ yìí wà lára ohun tí ó mú iṣẹ́ wọn níyì. Ẹni tí ó mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí, tí ó sì dúró níbẹ̀, ti bọ̀wọ̀ fún òkú ju ẹni tí ó fi irọ́ dí àlàfo lọ.

Ìwé kan tí iná kò jó jẹ́ kí a mọ ìdí tí ìdílé bẹ́ẹ̀ fi lè gbàgbé. Ní ọdún 1705, John Bunch kan fẹ́ gbé Sarah Slayden, obìnrin aláwọ̀ funfun, níyàwó. Àlùfáà kọ̀ láti kéde ìgbéyàwó wọn nínú ìjọ. Òfin kan ti wà láti ọdún 1691 tí ó ní kí a lé aláwọ̀ funfun tí ó bá fẹ́ adúláwọ̀, tàbí tí ó bá fẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ méjèèjì pàpọ̀ lára rẹ̀, jáde kúrò ní ilẹ̀ náà. Bunch gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ gómìnà. Ìbéèrè tí ó dojú rú mọ́ àwọn amòfin lọ́wọ́ ni orúkọ tí òfin yóò pe ọmọ tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pàpọ̀ bá bí fún obìnrin funfun. Ní ọdún kan náà, òfin titun fi èsì sílẹ̀: ọmọ, ọmọ-ọmọ, àti ọmọ tí ọmọ-ọmọ adúláwọ̀ bá bí ni yóò máa jẹ́ orúkọ náà. Ẹni tí ó bá jẹ́ orúkọ náà ti pàdánù ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́.

Ta ni yóò wá dá ìdílé bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pé ó dákẹ́? Bí òfin bá ń ka ìran ènìyàn láti fi í ṣe ẹ̀wọ̀n fún un, kí ènìyàn má rántí ìran rẹ̀ di ọgbọ́n ìgbàlà. Ìyá tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ kò ṣe é nítorí àìbìkítà, ó fi ìdákẹ́jẹ́ bo ọmọ náà bí ẹní fi aṣọ bò ó ní òru òtútù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba baba là lè ṣi ọmọ-ọmọ lọ́nà. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ dá ènìyàn lọ́lá, tí wọ́n sì ń fi í tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, ọmọ tí kò mọ̀ pé ẹrú ni baba ńlá òun lè wà láàrin àwọn tí ń fi ẹ̀sẹ̀ tẹ ọmọ ẹrú. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó ṣe àánú fún ìran kan lè di àìṣòdodo nínú ìran mìíràn, kó má sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí ó yí padà.

Ti Bunch ṣì rọrùn díẹ̀, nítorí ẹni tí a fi ìyà jẹ ni ó wà ní orísun rẹ̀, kò sì ṣòro fún ọmọ láti fẹ́ràn baba ńlá tí a ṣẹ̀. Ti Anthony Johnson ni ó le. Ní ọdún 1621 ni ọkọ̀ òkun gbé e dé Virginia, orúkọ tí wọ́n sì kọ fún un ni Antonio, adúláwọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1622, àwọn ọmọ onílẹ̀ Powhatan, tí àwọn àlejò ń gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, dìde ogun, wọ́n sì pa ènìyàn 347. Antonio là á já. Ó fẹ́ Mary, adúláwọ̀ bíi tirẹ̀, àwọn méjèèjì gba òmìnira, wọ́n sì lọ tẹ̀ dó sí Northampton. Òfin ìgbà náà ń fún ẹni tí ó bá san owó ọkọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ wá sí Virginia ní éékà 50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1651, Johnson gba éékà 250 lórí ènìyàn márùn-ún. Nígbà tí iná jó oko rẹ̀, ilé-ẹjọ́ yọ Mary àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì kúrò nínú owó-orí ní ọdún 1653, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti gbé ilẹ̀ náà ju ọgbọ̀n ọdún lọ, àti pé gbogbo ènìyàn mọ iṣẹ́ àṣekára wọn.

Ìdílé wo ni kò ní yangàn pẹ̀lú irú baba ńlá bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ìwé ilé-ẹjọ́ Northampton kan náà ni ó tọ́jú ẹjọ́ John Casor. Adúláwọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lóko Johnson ni Casor í ṣe. Ó ní ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni òun wá láti sìn, ọdún náà sì ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Johnson ní títí ayé ni òun ni ín. Àwọn ará ilé Johnson rọ̀ ọ́ pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó sì gbà. Casor lọ sọ́dọ̀ Robert Parker, aláwọ̀ funfun tí ó jẹ́ aládùúgbò wọn. Nígbà tí ó yá, Johnson yí ọkàn padà, ó pe Parker lẹ́jọ́. Ní ọdún 1655, ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé kí Casor padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kí Parker sì san owó ẹjọ́. Ẹni tí ó ti sìn rí ni ó jókòó gẹ́gẹ́ bí olùpẹ̀jọ́, ohun tí ó sì béèrè ni pé kí ẹlòmíràn má bọ́ nínú ìsìn láéláé.

Òfin tí Johnson lò yìí kò ní ojúrere fún un títí. Òun àti ìdílé rẹ̀ ṣí lọ sí Maryland ní nǹkan bí ọdún 1665, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ní ọdún 1670, ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ń bá ilé-ẹjọ́ dájọ́ ní Virginia pinnu pé ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn lè di ti ọba, nítorí pé adúláwọ̀ ni, àti pé nítorí náà àjèjì ni. Iṣẹ́ àṣekára tí ilé-ẹjọ́ ti kọ sílẹ̀ ní ọdún 1653 kò gbà á sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọdún 1677, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ń jẹ́ John ra éékà 44 ní Maryland, ó sì sọ oko náà ní Angola. Kò sí ìwé tí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìdílé tí ó wọ inú ìwé ìjọba láìgba àṣẹ.

Bí ẹnìkan bá wá jẹ́ ọmọ ìran Johnson lónìí, èwo ni yóò mú nínú ìwọ̀nyí? Ìdánwò tí ó wà níbẹ̀ ni kí ó mú Angola àti éékà 250, kí ó sì fi Casor sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìtàn. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ́gun àwọn ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí Alex Haley gbé ìwé Roots jáde ní ọdún 1976, ó mú inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ adúláwọ̀ dùn pé ẹnìkan ti tọpa ìran rẹ̀ padà dé Juffure ní Gambia. Àwọn olùwádìí tí ó yẹ ìwé Virginia wò lẹ́yìn náà rí i pé ẹrú tí ń jẹ́ Toby, tí Haley ní ọkọ̀ gbé dé ní ọdún 1767, ti wà nínú ìwé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣáájú ọdún náà. Èyí kò sọ ìjìyà àwọn ẹrú di irọ́. Ohun tí ó fi hàn ni pé òùngbẹ baba ńlá lè gbẹ ènìyàn débi pé yóò mu omi tí kò yẹ̀ wò.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀bi kì í jogún, pé ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún kò mọ ohunkóhun nípa Casor. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ̀bi ohun tí baba ńlá rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bi kò bá jogún, ògo náà kò jogún. Ọmọ tí ó ní òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n mú Casor padà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba éékà 250. Bí ó bá fẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, kí ó gba ìkejì pẹ̀lú rẹ̀. Nílé Yorùbá pàápàá, ẹni tí ó bá jogún òkú ni àwọn olówó ń tọ̀ wá. Oríkì ìdílé náà kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó máa ń pa ìjà, ẹ̀sín àti àṣìṣe àwọn baba mọ́ sínú ara rẹ̀, ọmọ ilé a sì máa gbọ́ ọ, kí orí rẹ̀ wú. Àwọn tí ó ṣe oríkì mọ̀ pé ẹni tí a kò mọ àléébù rẹ̀ kò tíì di ẹni tí a mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé ilé-ẹjọ́ láti wá orúkọ kan kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò rí àwọn orúkọ yòókù. Lójú-ewé kan náà ni Johnson àti Casor wà. Lábẹ́ ìwé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀ àwọn onílẹ̀ wà, tí a kò kọ orúkọ wọn rárá. Aṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Bí ìwádìí ìran bá jẹ́ iṣẹ́ òdodo, gbèsè tí ó jẹ kọjá ẹ̀jẹ̀ ẹni. Àwọn tí kò ní ọmọ tí yóò wá wọn náà wà nínú rẹ̀, ọmọ ẹni tí ó ṣẹ̀ wọ́n sì lè jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí yóò ka orúkọ wọn.

Nítorí náà, ọwọ́ òsì tí òwe kọ̀ fún ọmọ kì í ṣe ọwọ́ òtítọ́. Ọwọ́ ẹ̀gàn ni, ti ẹni tí ó kà nípa pàṣán tí ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ ìpamọ́ pẹ̀lú jẹ́ ọwọ́ òsì, nítorí ilé mìíràn ni ó ń júwe, ilé tí kò sí ẹni tí ó gbé inú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ọ̀tún ni èyí tí a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, bí nǹkan náà bá tilẹ̀ wúwo.

Ní ọdún 1672, lẹ́yìn ikú Johnson, a tún rí John Casor nínú ìwé ilé-ẹjọ́ ní Maryland. Ó ṣì ń sin Mary, opó ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wá fi àmì tí yóò máa fi mọ àwọn ẹran ọ̀sìn tirẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ Mary. Ọmọ tí ó bá wá baba ńlá rẹ̀ dé ibẹ̀ yóò rí orúkọ tí ó ń wá. Kí ó ka ojú-ewé náà dé ìsàlẹ̀.